Bí K Bá Yọjú Lẹ́ẹ̀mẹta

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi Olùkọ́,

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí Bàbá nídìí ayùn, ẹ kí Màmá, ẹ kí Bùrọ̀dá Awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ Bàbá kó pákó, ẹ kí àwọn ọmọ kíláàsì yín tí ẹ ń nà lórí ìṣirò bí ẹ ṣe nà mí. Mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga láyọ̀. Yàrá mi kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àpótí aṣọ lọ; bí mo bá na ẹsẹ̀, mo ti kan ilẹ̀kùn. Ó ní fèrèsé kan, ṣùgbọ́n ògiri ilé kejì ló kọjú sí, nítorí náà kò sí ohun tó lè gbé ojú mi kúrò nínú ìwé.

Ohun tó jẹ́ kí n tètè kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ ìṣirò wa. Mo ti sọ ọ́ ní Gékúrú. Ọkùnrin náà kúrú, ṣòkòtò rẹ̀ kúrú, ìdáhùn rẹ̀ ló wá kúrú jù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó kọ èyí sójú pátákó:

bᵢ = Aᵢⱼxⱼ

Ó ní ìlà ìṣirò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo wò ó títí, ìlà kan ni mo rí. Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àmì ìròpọ̀ dà?" Ó ní a kì í kọ ọ́. Ó ní bí lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀ bá ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sọ fún ọ pé kí o fi 1 sí àyè rẹ̀, kí o fi 2 sí i, kí o fi 3 sí i, kí o wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní àdéhùn ni. Mo ní èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá fo ìṣísẹ̀ nínú ìṣirò ń fi nǹkan pa mọ́ ni. Nítorí náà, mo ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún wa ní kíkún, ìlà lórí ìlà, ojú ìwé lórí ojú ìwé. Òdo ló fún mi. Kì í ṣe pé mo ṣi ìṣirò náà o! Ó kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, "Èyí gùn." Ṣé gígùn ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ẹ sì mọ ohun tí Bàbá sọ lọ́jọ́ tí mò ń lọ: bí mo bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí a máa ṣe níbí, kí n padà wá máa ti igi sẹ́nu ayùn. Mi ò fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí ìbẹ̀rù ayùn máa kọ ohun tí kò yé mi. Kí ni kí n ṣe?

Èmi ni àbúrò yín,
Àgídí


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá

Àgídí mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Gbogbo ilé ń kí ọ, àyàfi Ìyá Àgbà. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ka lẹ́tà rẹ sókè bí mo ṣe ṣèlérí, oníkálukú sì ń dúró kí ó kan òun. Ó kan Bàbá, wọ́n mi orí. Ó kan Màmá, wọ́n nu ojú. O kí awakọ̀, o tún kí ọmọ ọlọ́mọ tí mò ń nà, o kò kí ìyá tó bí bàbá rẹ! Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, ó di inú yàrá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kí wọn, ohun tí wọ́n ń sọ ni, "Àṣé èmi náà wà nílé yìí?" Tètè tún un ṣe.

Ní ti olùkọ́ rẹ, ó bí mi nínú. Ọmọ tó bá gbé ìdáhùn wá láìkọ bó ṣe rí i, mo mọ̀ pé inú ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ti rí i. Olùkọ́ tó bá wá ń fo ìṣísẹ̀ ńkọ́, inú ìwé ta lòun ń wò? Mo ti kọ̀wé sí i. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sí òbí ọmọ tó ń ya ọ̀lẹ: mo kí i dáadáa, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, mo wá ní kó yé fi ọ̀lẹ kọ́ ọmọ wa. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi í ránṣẹ́. Má dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Èmi ni mo bá Bàbá fa ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó jẹ́ kí o lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé orí rẹ pé. Bí o bá gbé òdo padà wálé, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó kàn ọ́. Bàbá ti ń pọ́n ayùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olùkọ́ nílé, olùkọ́ nílé ìwé


Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi,

KᵢEᵢ. K ni ìkíni, E ni èèyàn. i ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà oníkálukú ti gba ìkíni tirẹ̀, láti orí Ìyá Àgbà dé orí ẹni tó kéré jù nílé. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò gbàgbé ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ẹ wo ohun tí ẹ fi ojú mi rí! Gékúrú gbé lẹ́tà yín wá sí kíláàsì, ó kà á sókè délẹ̀délẹ̀, àní títí kan ibi tí ẹ ti béèrè ìyàwó rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Ọ̀kan ní, "Ṣé àwọn ará ilé ẹ ló máa bá ẹ ṣe ìdánwò náà ni?" Mo dìde. Mo ní ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ló kọ́ mi ní ìṣirò, kò sì sí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbí kí èmi jókòó máa wò ó. Gékúrú na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Ó ní, "Ó dáa. Bọ́ síwájú. Kọ èyí bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe fẹ́ ẹ."

sᵢⱼ = Cᵢⱼₖₗeₖₗ

Ohun tí èyí ń sọ ni bí irin ṣe ń ṣe lágídí tí wọ́n bá fà á. Ẹ wò ó bó ṣe rí bíńtín, ìlà mẹ́sàn-án ni, nǹkan mẹ́sàn-án ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ títí ṣọ́ọ̀kì fi di eruku lọ́wọ́ mi. Àwọn kan sùn. Àwọn kan jáde lọ jẹun, wọ́n padà dé, mo ṣì ń kọ. Nígbà tí mo parí, mo yíjú sí i bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú. Ó wo pátákó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "C₂₃₁₃ dà?"

Mo wá a. Mo fi ìka tọ gbogbo ìlà náà. Kò sí níbẹ̀. C₂₃₃₁ ni mo kọ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń ka pákó tó sì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rín wọn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti gbà pé ohun tí èèyàn bá kọ síta ní kíkún kò lè fi nǹkan pa mọ́. Àṣìṣe mi wà níta gbangba, ó dúró sáàárín èrò, èmi tí mo kọ ọ́ kò rí i. Nínú ìlà bíńtín tirẹ̀, kò sí èrò tí ì bá sá sí láàárín wọn.

Mo gbé e lọ sí yàrá, mo rò ó, ibi ìlagi Bàbá ló sì ti yé mi. Ká ní Bùrọ̀dá Awakọ̀ fẹ́ mọ bí ẹrù ọkọ̀ ṣe wúwo tó. bᵢ ni ìwúwo ẹrù ọkọ̀ i. Aᵢⱼ ni iye pákó irú j tó wà nínú ọkọ̀ náà. xⱼ ni bí ẹyọ pákó irú j kan ṣe wúwo tó. j wà lára iye, ó tún wà lára ìwúwo: iye igi líle ń bá ìwúwo igi líle lọ, iye igi rírọ̀ ń bá ìwúwo igi rírọ̀ lọ, lẹ́yìn náà a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí la tún fẹ́ fi ṣe bí a kò bá rò ó pọ̀? Ṣé táyà ń gbé igi líle lónìí, kó gbé igi rírọ̀ lọ́la? Bí ẹ bá pe irú igi náà ní j, bí ẹ bá pè é ní k, ẹrù kò ní fúyẹ́. Ṣùgbọ́n i yàtọ̀. Òun ló ń sọ ọkọ̀ tí à ń wí. Bó bá wà lápá òsì, ó gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wọn ọkọ̀ kan, ẹ lọ sọ ìdáhùn fún awakọ̀ mìíràn. Gékúrú tún ní lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ yọjú lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé a kò ní mọ èyí tó ń bá èyí lọ.

Ó parí. Gbogbo awo rẹ̀ nìyẹn. Gékúrú kò nítìjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí i mọ́.

Àbúrò yín,
Àgídí


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Àgídí,

Ilé ti dàrú. Mo ka ìkíni rẹ ní pálọ̀, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ bí o ṣe ní kí n ṣe. Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ń jẹ́ i?" Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n sọ àwọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kọ́ nìyẹn. Màmá ní, "Èmi ńkọ́?" Mo ní i náà ni. Ni Ìyá Àgbà bá pariwo, "Ẹ gbà mí! Ó ti sọ èmi àti ìyàwó ọmọ mi ní orúkọ kan náà!" Bùrọ̀dá rẹ Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bó bá ti ń wọlé, á ní, "Ẹ̀yin i, ẹ kú ilé o." Bàbá ní tiwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí kíkí òbí bá ti di ohun tí ọmọ ń gé kúrú, ibi ìlagi ló máa tún un kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn yé mi. Inú mi ò sì dùn pé ó yé mi, torí lẹ́tà tí mo kọ sí ọkùnrin yẹn kò ṣeé gbà padà mọ́. Mo gbìyànjú láti fi kọ́ kíláàsì mi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ló dé tí awakọ̀ kò kàn wa ọkọ̀ gun orí òṣùwọ̀n. Mo ní kó jókòó.

Ìdánwò rẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo mọ ẹnu rẹ. Ohun tí ó bá bi ọ́ ni kí o dáhùn. Má bá a jiyàn, má kọ ohun tí kò béèrè. Dáhùn, kí o gbé bírò rẹ, kí o jáde. Ṣé o gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí Bàbá, ẹ kí Màmá, ẹ kí Bùrọ̀dá Awakọ̀, oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tòun ti orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n má bínú.

Mo ti ṣe ìdánwò náà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ irú èyí, nítorí náà mo máa là á mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló tóbi jù. Ó ní ká ṣírò èyí:

aᵢ = BᵢₖCₖdₖ

Ẹ wò ó dáadáa. k wà lábẹ́ B, ó wà lábẹ́ C, ó tún wà lábẹ́ d. Ṣé B ni ká so mọ́ C ni, kí d máa dá rìn, àbí C ni ká so mọ́ d? Mo wò yí ká, gbogbo wọn ń kọ wàràwàrà. Mo kọ tèmi pé: "Ìbéèrè yìí kò ní ìtumọ̀. k yọjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀." Mo fàlà sí i, mo gbé bírò mi, mo jáde. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe nínú ohun tí ẹ ní kí n ṣe.

Gékúrú pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé kún orí tábìlì, ìwé kún ilẹ̀, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló sì jókòó sórí rẹ̀. Ó ní ó yẹ kí n mọ̀ pé òun fẹ́ kí a jẹ́ kí k mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa yí ni, láti 1 dé 3. Mo ní, "Ẹ ò kọ bẹ́ẹ̀ sà." Ó ní gbogbo kíláàsì ló mọ ohun tó wà lọ́kàn òun. Mo ní, "Ohun tó wà lọ́kàn yín kò sí nínú àdéhùn." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òdo ni mo gbà níbẹ̀, òdo yẹn á sì fà mí lulẹ̀ nínú ìdánwò náà lódindi, àfi bí mo bá kọ̀wé tọrọ àforíjì pé èmi ni kò lóye, kí òun tó lè jẹ́ kí n tún un ṣe. Ó dá ìparí oṣù kejì fún mi.

Bó ṣe wà nìyẹn. Mi ò tíì kọ nǹkan kan.

Àgídí


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àgídí,

Mi ò ka tìrẹ sókè. Mo sọ fún wọn pé lẹ́tà kò tíì dé. Bàbá wò mí lójú, wọ́n wo àpò mi.

Wọ́n ti bi mí ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ. Wọ́n ti wá bàtà onírọ́bà kan, èyí tó ga dé orúnkún, wọ́n gbé e sídìí ayùn. Bí mo bá ń kọjá lọ sílé ìwé láàárọ̀, mo ń rí i níbẹ̀, òfìfo, ó kọjú sí ọ̀nà.

Kọ lẹ́tà yẹn. Ìlà méjì péré kò ní pa ọ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ. Èmi náà jókòó ti ìbéèrè náà, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ibi ìlagi kún fún àwọn tó lóòótọ́ lọ́wọ́, Bàbá kì í sì í yọ̀ǹda wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi fúnra mi ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wa lórí ohun tí òun alára bà jẹ́. Mo délé, mo fọ ẹnu mi, mo sùn. Ìwọ náà, bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Àgídí,

Ọjọ́ tó dá fún ọ ti kọjá. Mi ò gbúròó rẹ. Ṣé ìwé lò ń kọ ni, àbí ẹrù lò ń dì? Ìyá Àgbà ń béèrè rẹ lójoojúmọ́, ìbínú ti tán lára wọn. Bàbá kò béèrè. Bí o bá ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, sọ fún mi, kí n mọ ojú tí mo máa gbé wọ pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ìdààmú, ẹ kú àìsùn tèmi. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Bí mo bá fèsì ni, ẹ máa fi ẹ̀bẹ̀ ṣẹ́gun mi, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò kọ lẹ́tà àforíjì. Mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní, "Sà, mo ti ṣe tán láti bẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣe ìbéèrè náà, kí n lè mọ ibi tí mi ò ti lóye, kí ẹ̀bẹ̀ mi má lọ gba ibòmíràn." Ó dìde kíá, ó lọ sí pátákó kékeré tó wà lára ògiri. Ó jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ yí, ó kọ ọ́:

a₁ = B₁₁C₁d₁ + B₁₂C₂d₂ + B₁₃C₃d₃

Ó ní, "Ṣé o rí i?" Mo ní mo rí i. Mo ní, "Sà, nínú ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀, ẹ ní ká ṣírò Cₖdₖ, gbogbo wa sì rí 6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 6 yẹn sí àyè rẹ̀ nínú èyí." Ó kọ ọ́:

aᵢ = 6Bᵢₖ

Ó dúró. k kan ṣoṣo dá wà lápá ọ̀tún, bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì sí k kankan lápá òsì. Ọ̀nà méjì ni ó gbà, ibi méjì ló já sí. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó tún un kọ, ó tún dúró. Ó wá lọ sídìí ìwé ìdánwò tó wà lórí tábìlì, ó ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ìdáhùn oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kọ!

Ó jókòó. Ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ láti dán yín wò ni." Mo wò ó. Ó wò mí. Ó ní, "Rárá. Irọ́ ni mo pa."

Ó ti fagi lé ìbéèrè náà fún gbogbo kíláàsì. Wọ́n ti lẹ èsì mọ́ ara ògiri. Mo yege. Kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: èmi ni mo gbẹ̀yìn nínú àwọn tó yege, ẹni tó tẹ̀ lé mi ti ń di ẹrù. Gékúrú sì ní láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni màá máa ka ìbéèrè òun kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó ní àwọn yòókù ń bọ̀wọ̀ fún òun ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí náà, mi ò padà wálé. Ẹ rọra sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n ti ń retí mi nídìí ayùn, mi ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo kórìíra iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí tèmi yé mi.

Àbúrò yín,
Àgídí


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta

Àgídí mi, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tó yege,

Mo kà á ní pálọ̀, gbogbo rẹ̀, mi ò fo nǹkan kan. Màmá dì mọ́ mi títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi. Bùrọ̀dá rẹ Awakọ̀ ní òun ti mọ̀ látilẹ̀; irọ́ ni. Ìyá Àgbà béèrè bóyá ẹni tó gbẹ̀yìn náà yege lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn kò ní ẹjọ́ kankan.

Bàbá yọ fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Wọ́n wá ní, "Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ó ṣì í?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Lójú ẹ̀?"

"Lójú ẹ̀, nínú ọ́fíìsì ẹ̀."

"Olùkọ́ náà kò lé e jáde?"

"Kò lé e. Ó jẹ́ kó yege, ó tún fún un níṣẹ́ lé e."

Bàbá mú fìlà wọn, wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ibi ìlagi. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Kọ̀wé sí i kó dúró síbẹ̀ o. Bó bá dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú èmi, inú òjò ni yóò sùn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ